Bí a ṣe ń tú ọnà-èdè àti ọ̀rọ̀ inú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ palẹ̀: “London” ti William Blake

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, mo kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lítíréṣọ̀ kan tí ọkàn mi balẹ̀ lé lórí pátápátá. Mo to orúkọ ọnà-èdè mẹ́sàn-án sílẹ̀, mo fi àpẹẹrẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ wọn. Ìwé náà padà dé pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tí olùkọ́ fi bírò pupa kọ sí etí rẹ̀: kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ó pẹ́ kí ìbéèrè yẹn tó yé mi. Ẹni tó wọ ilé ìdáná, tó ka orúkọ gbogbo ìkòkò tó bá níbẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì, kò tíì sọ ohun tí wọ́n ń sè.

Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí kò ní í to orúkọ ọnà-èdè jọ fún yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí a mú ewì kan ṣoṣo, kí a sì tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè rí bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Ewì náà ni “London”, tí William Blake kọ. Ìlú London ni wọ́n ti bí Blake ní 1757, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1827, iṣẹ́ tó sì fi ń jẹun ni fífín àwòrán sára bàbà fún títẹ̀. Ewì yìí jáde ní 1794 nínú àkójọ tó pè ní Songs of Innocence and of Experience. Ìlà 16 péré ni, ìpín mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin. Mo yàn án nítorí pé ó kúrú, àti nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó kàn jókòó lásán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọwọ́ ara yín kọ ewì náà jáde

Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má sì kàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ mú gègé àti ìwé, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ máa fo ìlà kan láàárín ìlà méjì kí ààyè lè wà fún àkọsílẹ̀. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé máa ń rí ohun tí ojú tó ń sáré máa ń fò. Ewì náà ti pẹ́ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè gba owó lé lórí, nítorí náà ẹ óò rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni William Blake Archive, nítorí pé àwòrán ojú-ewé tí Blake fúnra rẹ̀ fín, tó tẹ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kùn, ni ẹ óò rí níbẹ̀.

Ìdí wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ojú-ewé ti Blake gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń lò ní kíláàsì ni àwọn olóòtú ti tún àmì inú rẹ̀ ṣe. Blake kọ *Infants tear* àti *Soldiers sigh* láìfi àmì apostrophe sí i, ó sì fi ìparí àwọn gbólóhùn kan sílẹ̀ láìní àmì ìdánudúró. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, ẹ óò rí i pé àìsí àmì yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Kíkà àkọ́kọ́ wà fún etí, èkejì wà fún ìtàn inú rẹ̀, ẹ̀kẹta sì wà fún fífi àmì sí ibi tí ẹnu yín ti kọsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì

Ẹ kíyè sí i pé mo ní gbólóhùn, mi ò ní ìlà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí èèyàn máa túmọ̀ ewì Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà ní ìlà, bí ẹni tó ń ka ẹ̀wà, nígbà tí gbólóhùn sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kìíní kó má parí títí di ìlà kẹrin. Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ta ló ń ṣe kí ni, ta ni wọ́n sì ń ṣe é fún?

Ìpín kìíní kò le. Ẹnìkan ń rìn káàkiri àwọn òpópónà London lẹ́bàá odò Thames, ó sì ń rí àmì àárẹ̀ àti àmì ìbànújẹ́ lójú gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ìpín kejì náà kò le tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ti sá lọ sí ìparí pátápátá: *I hear* ló gbé gbogbo rẹ̀, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ sì kàn ń sọ ibi tí olùsọ̀rọ̀ ti ń gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Ìpín kẹta ni ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú:

*How the Chimney-sweepers cry*
*Every blackning Church appalls,*
*And the hapless Soldiers sigh*
*Runs in blood down Palace walls*

Bí ẹ bá sáré kà á, ẹ óò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dẹ́rù ba ẹnìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni Blake gbé ọ̀rọ̀-ìṣe náà lọ. Igbe àwọn ọmọ tó ń gbá ihò èéfín ló ń dẹ́rù ba ṣọ́ọ̀ṣì; ìmí ẹ̀dùn ọmọ ogun ló ń ṣàn bí ẹ̀jẹ̀ lára ògiri ààfin. Bí ẹ bá tò ó bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, yóò di: *how the chimney-sweeper's cry appalls every blackening church*. Ibí yìí sì ni àìsí apostrophe ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé *cry* lè jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyẹn igbe ọmọ náà, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ké. Kí ojú tó dé ìlà kejì, etí ti gbọ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹ má kọjá ìgbésẹ̀ yìí títí ẹ óò fi lè sọ ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, tí yóò sì yé e. Èmi máa ń sọ ọ́ fún màmá mi. Bí ó bá bi mí pé “Kí ló dé tí ọmọ ogun fi ń sunkún lára ògiri?”, mo mọ̀ pé mo ti dé ibi tí ewì náà ti ń dùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ìdí wọn

Iṣẹ́ pọ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Ẹ fa ojú-ewé kan sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tó túmọ̀ sí lónìí. Ní apá kẹta, ẹ kọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà tí akéwì ń kọ̀wé. Fún apá kẹta yìí, ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson gbé jáde ní 1755 wúlò gan-an fún ewì ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé atúmọ̀ èdè inú fóònù yóò fún yín ní ìtumọ̀ tòní nìkan, akéwì tó kú ní 1827 kò sì mọ̀ nípa tòní.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *charter'd*. Ìlà kìíní ní *charter'd street*, ìlà kejì sì ní *charter'd Thames*. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá gbọ́ “charter” yóò ronú nípa bọ́ọ̀sì tí a háyà láti gbé wa lọ sí òde ìyàwó, tàbí nípa oníṣirò owó tó ní ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe ibẹ̀ ni Blake ń lọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo rẹ̀, ẹnìkan ti gba ohun kan fún ara rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́. Charter ni ìwé àṣẹ tí ọba tàbí ìjọba fi ń fún ìlú, ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí iléeṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ kan. Irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni East India Company, iléeṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, fi ń ṣòwò, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì tún un ṣe fún wọn ní 1793, ọdún kan péré kí ewì yìí tó jáde. Ní 1792, òǹkọ̀wé Thomas Paine ti kọ ọ́ nínú apá kejì ìwé rẹ̀, Rights of Man, pé irọ́ ni kí a máa sọ pé charter ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́, nítorí pé ṣe ló ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Àríyànjiyàn yìí wà lẹ́nu àwọn èèyàn London nígbà tí Blake ń kọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tútù.

Ní báyìí, ẹ fi òye yẹn padà sínú ìlà méjèèjì. Òpópónà lè ní ìwé àṣẹ, ó bójú mu. Odò tó ń ṣàn ńkọ́? Ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú, wọ́n ti fi ìwé dì í mú. Àwítúnwí ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìlà méjì tó tẹ̀ léra ló gbé wa láti ohun tó ṣeé ṣe dé ohun tí kò yẹ kó ṣeé ṣe, láìsí pé akéwì bínú sókè rárá.

Mo ní ẹ̀bùn kan fún yín níbí. Ìwé tí Blake fi ń kọ àjákọ ewì rẹ̀ ṣì wà títí dòní, ó wà ní British Library. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ kì í ṣe *charter'd*. Ó kọ *dirty*: òpópónà ìdọ̀tí, Thames ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wéra, ẹ óò rí iṣẹ́ ọwọ́ akéwì ní ìhòòhò. Ìdọ̀tí kò lẹ́jọ́ lọ́rùn. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, òjò lè gbá a lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ní ẹni tó bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí ewì náà kúrò lórí ojú tí kò fẹ́ ìdọ̀tí, tó sì gbé e sórí ẹni tó fa ọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń tú ewì palẹ̀, kódà bí kò bá sí àjákọ kankan, ẹ ṣe ìdánwò yìí fúnra yín: ẹ mú ọ̀rọ̀ tó ń yọ yín lẹ́nu kúrò, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kejì ni *ban*, ó sì jẹ́ pọ́nna gidi, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ ju ọ̀kan lọ. Lónìí, ìfòfindè nìkan ló ń wá sí wa lọ́kàn. Nígbà náà, ó tún jẹ́ èpè. Bẹ́ẹ̀ ni etí tún ń gbọ́ *banns*, ìyẹn ìkéde ìgbéyàwó tí wọ́n ń kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà kò nílò àlàyé níbí: Sunday mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà á, a sì máa ń yíjú wo ibi tí ọkọ àti ìyàwó ọ̀la jókòó sí. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ onísílébù kan, òfin, èpè àti ìgbéyàwó ti wà pọ̀. Ẹ fi ìka sí i, nítorí pé èpè àti ìgbéyàwó yóò padà wá pàdé ara wọn ní ìlà tó kẹ́yìn ewì náà.

*Appalls* náà jẹ́ pọ́nna. Ó túmọ̀ sí kí ẹ̀rù ba èèyàn gidigidi, ṣùgbọ́n inú gbòǹgbò rẹ̀ ni *pale* wà, kí ojú funfun nítorí ìpayà. Orí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí èédú ń sọ di dúdú ni Blake gbé ọ̀rọ̀ yìí lé. Ohun tó ń dúdú ló tún ń funfun. Etí tó mú tún lè gbọ́ *pall*, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ bo pósí, nínú rẹ̀. Èmi kì í fi tipátipá gbé ìtumọ̀ kẹta yìí síwájú olùdánwò, ṣùgbọ́n *hearse*, ọkọ̀ òkú, ti ń dúró ní ìsàlẹ̀ ewì náà.

Àwọn tó kù kò gba àkókò púpọ̀. *Hapless* ni ẹni tí orí kò bá ṣe é. *Manacles* ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́. *Blasts* àti *blights* wá láti oko: ohun tó ń jẹ́ kí irúgbìn gbẹ tàbí kó rà kó tó so. *Plagues* nínú ìlà tó kẹ́yìn ni àrùn, èyí tí ọkùnrin ń kó láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ara rẹ̀, tó ń gbé e wá fún ìyàwó rẹ̀, tí ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kà á lóòótọ́, pẹ̀lú ìka

Kíkà tí mò ń sọ yìí ni kíka iye. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú ewì onílà 16 yìí, *every* wáyé lẹ́ẹ̀méje, *cry* lẹ́ẹ̀mẹta, *mark* àti *marks* lẹ́ẹ̀mẹta, *hear*, *charter'd* àti *infant* lẹ́ẹ̀mejìmejì. Márùn-ún nínú *every* méje yẹn ló wà nínú ìpín kejì nìkan, níbi tí ìlà mẹ́ta fi *In every* bẹ̀rẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ àwítúnwí. Inú oríkì, inú ọfọ̀ àti inú ìjálá ni a ti gbọ́ ọ dàgbà, etí wa sì ti mọ́ ọn sí ohun tó ń gbéni ga tàbí tó ń ti agbára síwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ pé kí ẹ má kàn kọ ọ́ pé àwítúnwí náà “ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀”. Gbogbo àwítúnwí ló ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, olùdánwò sì ti ka gbólóhùn yẹn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe níbí. Ní tèmi, *every* inú ewì yìí ń ti ilẹ̀kùn ni. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ pé ìyà yẹn kò kan òun, *every* ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú: àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, gbogbo ohùn, gbogbo òfin.

*Mark* ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ni: olùsọ̀rọ̀ ń ṣàkíyèsí. Ìgbà kejì àti ẹ̀kẹta, ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ: àmì tó wà lójú àwọn tó ń wò. Ẹni tó ń rí àti ohun tí wọ́n rí ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ kò bọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìlà yìí, ọkàn mi lọ tààrà sí ilà ojú, sí pélé àti àbàjà àwọn bàbá wa. Ẹ má kọ ìyẹn sínú ìwé ìdánwò, torí kò sí lọ́kàn Blake. Ibi tí Blake ti lè mú ọ̀rọ̀ náà ni Bíbélì, tó mọ̀ dáadáa. Ẹ ṣí ìwé Esekiẹli orí 9 ẹsẹ 4, kí ẹ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti King James: ẹnìkan ń la ìlú kọjá láti fi *mark* sí iwájú orí àwọn tó ń *sigh*, tí wọ́n sì ń *cry* nítorí ìríra tó wà nínú ìlú náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú “London”. Ti Esekiẹli, àmì náà ni yóò gba àwọn èèyàn náà sílẹ̀. Ti Blake, kò sí ìgbàlà kankan tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ọwọ́ gbá tábìlì

Ìró ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń sá fún ewì Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọ́n kọ́ wa ní orúkọ Gíríìkì kí wọ́n tó kọ́ wa ní gbígbọ́. Nínú Yorùbá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ewì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí wọ́n fi agbára pè àti èyí tí wọ́n pè fẹ́lẹ́ ló ń gbé e. Ẹ máa gbá tábìlì níbi tí agbára bá wà, kí ẹ sì máa fi ìka ka sílébù.

*I WANder THRO' each CHARter'd STREET*. Sílébù mẹ́jọ, ìgbá mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ni. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìlà kẹrin, *MARKS of WEAKness, MARKS of WOE*, sílébù di méje, agbára sì wà lórí sílébù àkọ́kọ́ gan-an. Ẹsẹ̀ tó ń rìn náà kọlu nǹkan. Ìpín kejì padà sí mẹ́jọ mẹ́jọ, láìyingin. Lẹ́yìn náà ni ìpín kẹta dé, tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ sì jẹ́ méje méje, tí gbogbo wọn ń fi agbára bẹ̀rẹ̀: *HOW*, *EVery*, *AND*, *RUNS*. Ibi tí ewì náà ti fi ojú kòjú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin ni ìlù ti yí padà. Bí ẹ bá rí irú ìpàdé yìí láàárín ìró àti ìtumọ̀, ẹ ti rí nǹkan tó tó kọ ìpínrọ̀ kan lé lórí. Orúkọ tí àwọn olùkọ́ ń pe ìrìn àkọ́kọ́ ni iambic tetrameter, ìrìn kejì sì ni trochaic. Ẹ fi orúkọ náà sí i nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá ṣì wà ní ìpín kẹta, ẹ ka lẹ́tà àkọ́kọ́ inú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè sí ìsàlẹ̀: H, E, A, R. *Hear* ni ọ̀rọ̀ tó parí ìpín kejì, òun náà ló sì parí ìlà kìíní ìpín kẹrin. Èmi gbà pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sára bàbà kò lè ṣàìrí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá fi orúkọ pe ọnà-èdè

Nísinsìnyí ni orúkọ wúlò, nítorí pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń sọ lórúkọ. Ẹ má mú ju mẹ́ta lọ. Èmi yóò mú ìwọ̀nyí.

*Mind-forg'd manacles* jẹ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní metaphor. Inú *forge* ni alágbẹ̀dẹ wà, pẹ̀lú ẹwìrì, òòlù àti iná. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn ni ilé àrọ náà. Ọkàn ta? Blake kò sọ. Ó lè jẹ́ ọkàn àwọn tó ń ṣèjọba, ó sì lè jẹ́ ọkàn ẹni tí wọ́n dè gan-an, tó ń rọ ẹ̀wọ̀n ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà. Nínú àjákọ, *german forg'd* ló kọ́kọ́ kọ, ìdílé ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà sì ti Jámánì wá. Ẹ wo bí àtúnṣe méjèèjì ṣe ń lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: *dirty* di ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ìjọba sì di *mind*. Ó fẹ́ kí ẹ̀bi dé ààfin, kò sì fẹ́ kó parí síbẹ̀.

Èkejì ni ìmí ẹ̀dùn tó di ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ di ohun tí a ń rí. *Palace* kì í ṣe ilé lásán níbí, ọba àti ìjọba rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń sọ pé “ààfin ti pàṣẹ”. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní metonymy. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lójú ogun pẹ̀lú Faransé láti oṣù Kejì 1793, nítorí náà olùkàwé 1794 mọ irú ọmọ ogun tí Blake ń sọ. Ó tún mọ àwọn ọmọ tó ń gbá ihò èéfín: òfin 1788 ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òfin náà kò rí ẹni mú un ṣẹ. Ìtàn tí ewì náà béèrè fún kò ju ìyẹn lọ. Ẹ má kọ ojú-ewé mẹ́ta nípa ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé kí ẹ tó kan ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni *Marriage hearse*, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní oxymoron: ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kò bára wọn tan, tí akéwì so pọ̀ lọ́rùn. Ọkọ̀ ìyàwó ni a ń retí, ọkọ̀ òkú ló dé. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ yìí ló parí ewì, pé ó bá *curse* (èpè) mu ní ìró, àti pé àwítúnwí kọ́ńsónáǹtì *b* nínú *blasts*, *born* àti *blights* ti ń gbá a bọ̀ láti ìlà kan sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ìpínrọ̀ kan

Ìpínrọ̀ kan, kì í ṣe àròkọ odindi. Ìlànà rẹ̀ kò le: ohun tí ẹ rí, ọ̀rọ̀ inú ewì tó jẹ́rìí sí i, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, àti bí ó ṣe kan ewì lódindi. Àpẹẹrẹ èyí tí n kò fẹ́ nìyí: “Akéwì lo àwítúnwí nínú *charter'd*, èyí tó jẹ́ kí ewì náà dùn, tó sì tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́: “Blake lo *charter'd* fún òpópónà, lẹ́yìn náà fún Thames. Ìwé àṣẹ lórí òpópónà jẹ́ ohun tí olùkàwé rẹ̀ mọ̀. Lórí odò, ó di ohun ẹ̀gàn, nítorí pé omi kì í dúró kí a tó fi èdìdì lù ú. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà kò yí padà láti ìlà kan sí èkejì, ewì náà ń fi hàn pé àwọn tó ni ìlú kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Látàrí èyí, *weakness* àti *woe* tó wà lójú àwọn èèyàn ní ìlà kẹrin kì í ṣe àyànmọ́; ẹnìkan ló bu ọwọ́ lù ú.”

Ẹ óò kọ tiyín ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá jẹ́ fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ewì náà kí ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ wé e, lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan *blackning* tí Blake kọ láìsí *e*.

Bí ó bá ku àkókò díẹ̀, ẹ tún ṣí ojú-ewé tí Blake fín. Lókè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ya arúgbó onírùngbọ̀n kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tí ọmọ kékeré kan sì ń fi ọ̀nà hàn án. Kò sí arúgbó kankan nínú ìlà 16 náà. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí etí ìwé yín nípa ẹni tí ẹ rò pé ó jẹ́.